Dúdú ló mú

Mo ti wẹ̀, mo ti jẹun, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ níbi tí a ti ń ta chess yẹn ò kúrò létí mi: “Dúdú ló mú, kó yáa gba ọ̀mì.”

Bọ̀dá ló sọ ọ́. Èmi kọ́ ló ń bá wí, ọkùnrin kan tí wọ́n jọ dúró nídìí omi ni. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló sì fi sọ ọ́, bí ẹni ń ṣàánú. Ibi tó ti dùn mí nìyẹn. Ká ní ó fi mí ṣẹ̀sín ni, mi ò bá ti gbàgbé ẹ̀.

Kò kúkú purọ́. Funfun ló ń kọ́kọ́ gbé ọmọ, dúdú ló ń sáré tẹ̀lé e. Àmọ́ Bọ̀dá yìí kan náà ló kọ́ mi ní Dragon, ọ̀nà kan tí dúdú máa ń gbà bẹ̀rẹ̀ eré! Òun ló fi bí Karpov, ọ̀gá chess, ṣe fọ́ Korchnoi tó fi dúdú ta á lọ́dún 1974 hàn mí, ìgbésẹ̀ 27 péré. Ẹ̀rù bà mí. Ló bá tún gbé ti New York 1995 sílẹ̀, níbi tí Kasparov ti fi Dragon kan náà na Anand, tòun ti dúdú lọ́wọ́. Ó ní ẹni tó bá máa ta á ò gbọdọ̀ wẹ̀yìn.

Ọ̀gbẹ́ni tí èmi àti ẹ̀ jọ ta gbé ọba ẹ̀ pa mọ́ sápá ayaba, ó ń ti pawn h, ọmọ kékeré ìlà h, bọ̀ wá bá mi. Nígbà tó di ìgbésẹ̀ 17, mo fi rook mi, ọmọ tó níye lórí ju ẹṣin lọ, jẹ ẹṣin ẹ̀ lójú c3. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀, bírò gún ìwé lu. Ó fi pawn b gbà á, ògiri lanu. Bíṣọ́ọ̀bù tó ti lúgọ sí g7 láti àárọ̀ ló parí ẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà na ọwọ́ sí mi, ó gbà pé mo ti na òun.

Inú mi dùn. Rárá, mi ò tíì mọ̀. Òjò pa wá níbùdókọ̀. Màmá pè.

Àbí Bọ̀dá kàn fẹ́ kí n sinmi ni? Ó mọ̀ pé mi ò sùn lánàá. Ó mọ bí ọdún tó kọjá ṣe rí fún mi. Bóyá ó ń…

Lẹ́yìn eré, Bọ̀dá gba ìwé tí mo kọ eré sí lọ́wọ́ mi. Ó ń fi ìka tọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan ibi tó lu yẹn, ìka ẹ̀ sì dúró síbẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ó ká a sí méjì, ó fi sápò àyà. Mi ò béèrè ẹ̀ padà.