Ṣúgà, Jẹjẹrẹ, àti Òògùn Tó Ń Dínà Oúnjẹ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan ti gba ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn, pé ṣúgà ni jẹjẹrẹ ń jẹ, àti pé ẹni tó bá ti jáwọ́ nínú ṣúgà ti fi ebi pa á. Òótọ́ wà nínú apá àkọ́kọ́; apá kejì ló ń ṣe aláìsàn léṣe, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ tú u palẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1920 ni Otto Warburg, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jámánì, ṣàkíyèsí pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ máa ń gbé glúkóòsì, ìyẹn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, mì lọ́pọ̀lọpọ̀, tí yóò sì sọ púpọ̀ nínú rẹ̀ di ásíìdì lactic, bí ọ́síjìn tilẹ̀ pọ̀ tó níbẹ̀. Ó yani lẹ́nu, nítorí pé èrè ATP (èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe agbára) 2 péré ni sẹ́ẹ̀lì ń rí lára glúkóòsì kan lọ́nà yìí, nígbà tí èyí tó bá fi ọ́síjìn jó tán máa ń mú nǹkan bí 30 wá. Ṣùgbọ́n agbára nìkan kọ́ ni sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ pín sí méjì ń wá. Ó tún gbọ́dọ̀ rí ohun tí yóò fi ṣe DNA, ọ̀rá àti purotéènì tuntun, ara glúkóòsì àti glutamine (ọ̀kan lára àwọn èròjà tí a fi ń ṣe purotéènì) ló sì ti ń rí púpọ̀ nínú wọn. Ẹni tó ń kọ́lé kò ní fi gbogbo pákó rẹ̀ dáná.

Bí aláìsàn bá yẹra fún ṣúgà pátápátá, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ yóò máa ṣe glúkóòsì fúnra rẹ̀, àní láti ara èròjà inú iṣan tó ń joro. Ẹni tí àìsàn ti ń fà gbẹ tẹ́lẹ̀ ni ebi bẹ́ẹ̀ yóò kọ́kọ́ pa.

Òògùn tó já fáfá ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ: àléébù kan pàtó ló ń wá. Èyí tó wù mí jù ni asparaginase, tí wọ́n ń lò fún oríṣi jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan tó wọ́pọ̀ lára ọmọdé. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ara wa lè ṣe asparagine, tí òun náà jẹ́ ọ̀kan lára àwọn èròjà tí a fi ń ṣe purotéènì, fúnra wọn, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ yìí kì í sábà lè ṣe tó. Èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ló gbójú lé. Òògùn náà, tí wọ́n ń rí lára bakitéríà, yóò fọ́ asparagine inú ẹ̀jẹ̀ túútúú, sẹ́ẹ̀lì náà kò sì ní lè ṣe purotéènì mọ́. Kì í ṣe pé kò ní ewu: ara àwọn kan máa ń kọ̀ ọ́, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì nínú òpó ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn.

Òògùn mìíràn, ivosidenib, gba ọ̀nà tirẹ̀. Nínú àwọn jẹjẹrẹ kan, ẹ́ńsáìmù IDH1, ìyẹn purotéènì kan tó ń mú kí èròjà kan di òmíràn nínú sẹ́ẹ̀lì, ti yí padà, ó sì ń ṣe èròjà kan tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ gbó. Bí òògùn yìí bá dí ẹ́ńsáìmù náà lọ́wọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti há sí ipò ọmọdé lè tún máa dàgbà. Aláìsàn tí àyẹ̀wò bá fi ìyípadà IDH1 hàn lára jẹjẹrẹ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fún.