Ohun tí hypnosis kọ́ mi nípa àṣà tó ti di bárakú

Ó ti pẹ́ tí èékánná jíjẹ ti di bárakú fún mi. Mo mọ̀ pé kò dára, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń kàwé tàbí tí ọkàn mi kò balẹ̀, ọwọ́ á ti dé ẹnu kí n tó fura. Ìgbà tí ìdí èékánná àtàǹpàkò mi wú tí ó sì kún fún ọyún ni mo tó lọ bá onímọ̀ ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá kan tí ó ń lo hypnosis, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n fi ń mú kí ọkàn ènìyàn pa pọ̀ sójú kan kí wọ́n tó fi ọ̀rọ̀ sí i lọ́kàn.

Mo rò pé wọn yóò mú mi sùn ni, àti pé bí mo bá fi máa jí, àṣà náà á ti lọ. Orúkọ rẹ̀ ló ń ṣi ènìyàn lọ́nà: James Braid, dókítà ará Scotland tí ó kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1843, mú un láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí oorun. Èmi kò sùn rárá. Mo ń gbọ́ bí aago ara ògiri ṣe ń ró, mo sì mọ̀ pé mo lè dìde nígbà tó bá wù mí; ọkàn mi kàn pa pọ̀ sójú kan ni, bíi ti ẹni tí ìtàn dùn mọ́ débi pé wọ́n pè é tí kò dáhùn.

Wọ́n ní kí n di ojú, kí n máa gbé ọwọ́ lọ sí ẹnu díẹ̀díẹ̀, kí n sì sọ ibi tí nǹkan náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí n kò rí rí: kí ọwọ́ tó gbéra, àtàǹpàkò mi á ti máa ra etí àwọn èékánná yòókù, á máa wá ibi tó ṣe págunpàgun. Ọ̀rọ̀ tí a wá fi sí mi lọ́kàn kò ní “má jẹ ẹ́” nínú, nítorí ẹni tí a bá ní kó má ronú nípa nǹkan, òun gan-an ni yóò máa rò. Ohun tí a sọ ni pé bí àtàǹpàkò bá ti kan ibi págunpàgun, ọwọ́ yóò pa dé, yóò sì sọ̀ kalẹ̀ sórí itan.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi ń ṣe é fúnra mi ní alaalẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mo rò pé ó ti parí, mo sì dáwọ́ dúró. Àṣà náà padà wá ní ọ̀sẹ̀ kan tí ìdààmú pọ̀ fún mi, mo sì ní láti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Bí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sá fún ẹni tó bá ṣèlérí pé ìjókòó kan ṣoṣo yóò mú yín jáwọ́ nínú sìgá. Ní 2019, àwọn olùṣèwádìí Cochrane, àjọ kan tó máa ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti mọ ohun tí ẹ̀rí wọn fi hàn, yẹ àwọn ìwádìí lórí ìyẹn wò, wọn kò sì rí ẹ̀rí tó pọ̀ tó láti sọ pé hypnosis dára ju àwọn ọ̀nà mìíràn lọ. Ẹ̀rí tirẹ̀ lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ fún àìsàn ìfun tí wọ́n ń pè ní IBS. Ẹni tí ó bá ti ní àrùn ọpọlọ tó ń mú kí ó máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́ gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ ná. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í wá ìrántí tó sọnù fún yín, torí ó lè dá ìrántí èké sílẹ̀ tí ẹ ó sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn.

Títí di òní, àtàǹpàkò mi ṣì máa ń wá ibi págunpàgun. Bí ó bá rí i, ọwọ́ mi a pa dé, màá sì dìde lọ mú ohun tí mo fi ń rẹ́ èékánná.