Àwo méjì tí onílù ò sí ńbẹ̀

Alẹ́ yìí mo tún gbọ́ Adore, àwo ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Smashing Pumpkins, látòkèdélẹ̀, bó ṣe parí báyìí ni mo gbé Up sí i, àwo R.E.M., ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà lòun náà, mi ò tiẹ̀ sinmi láàárín. Ọdún 1998 làwọn méjèèjì jáde, Adore lóṣù kẹfà, Up lóṣù kẹwàá, àwọn méjèèjì ò sì ń gbẹ́yìn táwọn èèyàn bá ti ń ka àwọn àwo rọ́ọ̀kì tí ọjà wọn ṣubú lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ ti dé òkè téńté. Ohun tó ń yí lọ́kàn mi látìrọ̀lẹ́ ni pé ohun kan náà ló ṣe ẹgbẹ́ méjèèjì kí wọ́n tó wọ sítúdíò, onílù wọn ti lọ.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ti Pumpkins. Mellon Collie tí wọ́n ṣe ní 1995, àwo méjì nínú páálí kan, ó tà débi tí wọ́n fi fún un ní diamond ní Amẹ́ríkà, ìyẹn àmì ẹ̀yẹ mílíọ̀nù mẹ́wàá ẹ̀dà (òótọ́ ni pé ẹ̀dà kan ni wọ́n ń kà sí méjì torí pé àwo méjì ni, àmọ́ síbẹ̀síbẹ̀, ó tà gan-an). Orin wọn ò kúrò lórí rédíò. Ìgbà tí wọ́n wá ń ṣeré káàkiri lóṣù keje 1996, Jonathan Melvoin tó ń bá wọn tẹ kíbọ́ọ̀dù kú sí hòtẹ́ẹ̀lì kan ní New York, heroin ló pa á, òun àti Jimmy Chamberlin onílù ni wọ́n jọ lò ó, bí wọ́n ṣe lé Jimmy nìyẹn. Ọdún yẹn ò tíì parí tí ìyá Billy Corgan náà tún fi kú. Ẹ wò ó ná, ọkùnrin tó ń kọ orin ẹgbẹ́, ìyá ẹ̀ kú, ìgbéyàwó ẹ̀ ń dàrú, ẹni tó mọ bó ṣe máa ń gbé ohun tó bá kọ lé orí ìlù ò sí ńtòsí mọ́. Kí wá lẹ fẹ́ kó kọ? Irú orin wo lẹ rò pé á tẹnu ẹ̀ jáde?

Adore ló kọ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú “To Sheila”, gìtá tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kò sí ariwo kankan. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ̀rọ wọlé, ẹ̀rọ tó ń lu ìlù, ẹ̀rọ tó ń hu bí afẹ́fẹ́, dúrù níbí, dúrù lọ́hùn-ún. Orin ìyá ẹ̀ wà nínú ẹ̀, “For Martha”, ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ, Matt Cameron ló wá bá wọn lu ìlù sí i, onílù Soundgarden, ẹgbẹ́ tiẹ̀ náà sì ti tú ká lọ́dún tó ṣáájú. Tí ìlù yẹn bá wá wọlé lẹ́yìn tí dúrù ti ń dá sunkún bọ̀ látẹ̀yìn, mi ò lè ṣe nǹkan míì, mo gbọ́dọ̀ fi ohun tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ipò kejì ló wà lórí Billboard, àtẹ àwọn àwo tó ń tà jù ní Amẹ́ríkà, kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Ó gba platinum, ìyẹn mílíọ̀nù kan ẹ̀dà ní Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ míì á dúpẹ́ á tọ́pẹ́ dá tó bá rí mílíọ̀nù kan, àmọ́ torí pé Mellon Collie ló ṣáájú ẹ̀, gbogbo èèyàn ń sọ pé ó kùnà. Owó tí wọ́n sì pa nínú eré tí wọ́n ṣe kiri àríwá Amẹ́ríkà lọ́dún yẹn, àwọn àjọ aláàánú ni wọ́n pín in fún, ọ̀rọ̀ yìí kì í sábà sí nínú ìtàn “ìkùnà” tí wọ́n ń sọ.

Ti R.E.M. yàtọ̀, kò síjà ńbẹ̀ rárá. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 1995, ní Lausanne ní Switzerland, iṣan ẹ̀jẹ̀ bẹ́ nínú ọpọlọ Bill Berry níbi tó ti ń lu ìlù lọ́wọ́ níwájú èrò. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ara ẹ̀ yá, ó padà bá wọn parí ìrìn àjò yẹn, wọ́n tún jọ ṣe New Adventures in Hi-Fi tó jáde ní 1996, ọdún náà ni wọ́n bá iléeṣẹ́ orin Warner Bros. ṣe àdéhùn tuntun táwọn ìwé ìròyìn sọ pé ó tó mílíọ̀nù 80 dọ́là. Ní oṣù kẹwàá 1997 ló wá sọ fáyé pé òun ń lọ. Ó ti sọ fáwọn yòókù pé tó bá jẹ́ pé lílọ òun ló máa tú ẹgbẹ́ ká, òun á dúró. Àwọn náà ní kó máa lọ, ó sì lọ sí oko ẹ̀ ní Georgia. Michael Stipe tó ń kọrin fún wọn sọ nígbà yẹn pé ajá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ṣì ni ajá, ó kàn máa kọ́ bó ṣe máa sáré lọ́nà míì ni.

Up ni ìsáré ọ̀hún. Mo gbọ́ ọ lónìí bí ẹni tó ń wo èèyàn tó ń tún ìrìn kọ́. Orin àkọ́kọ́ rẹ̀, “Airportman”, ṣe bí ẹni ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ni. Àwo yìí náà ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ ọ̀rọ̀ orin wọn sínú páálí ẹ̀, látìgbà tí wọ́n ti ń ṣe é bọ̀ wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Joey Waronker wà lára àwọn tó lu ìlù fún wọn, Joey yìí kan náà ló sì lu ìlù sí díẹ̀ nínú Adore! Èèyàn kan ṣoṣo, ilé ọ̀fọ̀ méjì, ọdún kan náà. Gold ni Up gbà ní Amẹ́ríkà, ìyẹn ìdajì mílíọ̀nù ẹ̀dà, nígbà tó jẹ́ pé Automatic for the People àti Monster, àwọn àwo tí wọ́n ti ṣe ṣáájú, platinum mẹ́rin mẹ́rin lọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbà.

Àwọn kan á ní ẹ̀rọ ìlù ló lé èèyàn sá. Mi ò gbà o. “Everybody Hurts” ti R.E.M. tó jáde ní 1992, tí gbogbo ayé fẹ́ràn, ẹ̀rọ ló ń lu ìlù ńbẹ̀, Bill Berry fúnra ẹ̀ ló sì kọ èyí tó pọ̀ jù nínú orin náà. “1979” ti Pumpkins náà, ìlù tí ẹ̀rọ ń tún lù léraléra ló gbé e ró, ẹnikẹ́ni ò sì bínú. Ẹ tún wo ẹ̀yìn ẹ̀: Jimmy padà dé ní 1999, wọ́n ṣe àwo Machina, ó jáde ní 2000, ìlù ń bú ramúramù nínú ẹ̀, kò sì tà tó Adore pàápàá. Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́. Rédíò ti yí padà, àwọn ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì líle bíi Korn àti Limp Bizkit ló kù tí wọ́n ń gbé sáfẹ́fẹ́, àwọn ọmọ tó ń ra àwo ní 1993 ti dàgbà, ọ̀pọ̀ wọn ti ń wá iṣẹ́.

Èmi rò pé orin ọ̀fọ̀ làwọn àwo méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń ra àwo rọ́ọ̀kì ní sáà yẹn, agbára ló ń rà. Ó fẹ́ gbọ́ ẹgbẹ́ tí ara wọn dá ṣáṣá. Kò rí i níbí, ó rí àwọn tí wọ́n fi àyè ẹni tó lọ sílẹ̀ gbalaja láàárín orin tí wọn ò sì wá bí wọ́n á ṣe dí i, àyè yẹn gan-an ni mo sì ń gbọ́ àwọn àwo yìí fún. Inú mi kì í dùn tí wọ́n bá ní Corgan tàbí Stipe ti sọ ọ̀nà nù nígbà yẹn. Pinkerton, àwo ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Weezer, náà rí ẹ̀tẹ́ ní 1996, àmọ́ ó ti rí olùgbèjà, ìwé ìròyìn Rolling Stone padà fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún ní 2004, ó sì gba platinum níkẹyìn ní 2016. Adore náà ti ń rí díẹ̀díẹ̀. Up lẹnikẹ́ni ò tíì fi bẹ́ẹ̀ gbè lẹ́yìn, ó sì ń dùn mí.

Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ ọ rí, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti “Airportman”, á sú yín. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ “Daysleeper”, kẹ́ ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú “At My Most Beautiful”, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Adore ní tiẹ̀, bó ṣe wà ni kẹ́ ẹ gbọ́ ọ, ẹ má sì fo “For Martha” torí pé ó gùn.