Wákàtí ni kí ẹ fi pín ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó jìn

Ìṣirò tó sábà ń da ètò ìrìn-àjò kẹ̀kẹ́ rú kò ju ẹyọ kan lọ: èèyàn á wọn ọ̀nà lórí máàpù, á bá kìlómítà 1,200, á fi 100 pín in, ó parí, ọjọ́ 12. Kó tó di ọjọ́ kẹta, ètò ti wọ́. Kìlómítà 100 lórí ọ̀dà tó tẹ́jú, tí afẹ́fẹ́ ń ti ẹni lẹ́yìn, lè má ju wákàtí márùn-ún lọ. Kìlómítà 100 mìíràn láàárín òkè, lórí òkúta wẹ́wẹ́, lè jẹ odindi ọjọ́ méjì. Wákàtí ni kí ẹ máa kà.

Fún ẹni tó di ẹrù, wákàtí mẹ́fà lórí ìjókòó kẹ̀kẹ́ ti tó fún ọjọ́ kan. Oúnjẹ, omi, táyà tó jò àti wíwá ibi tí a ó sùn ló ń gba ìyókù ojúmọmọ. Lórí ọ̀dà títẹ́jú, ẹ ka kìlómítà 16 sí 18 fún wákàtí kan. Lórí ilẹ̀ tó le tí kò lọ́dà, ẹ ka 12. Bó bá di iyanrìn tàbí òkúta tó ń yí lábẹ́ táyà, 7 tàbí 8 ni, ibòmíràn sì wà tó jẹ́ pé ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ tì í ni.

Òkè ló ń jẹ àkókò jù. Bí ẹrù, kẹ̀kẹ́ àti ẹni tó ń gùn ún bá wọn kìlógíráàmù 110 lápapọ̀, tí ẹni náà sì lè fi agbára wáàtì 100 pọ́nkè láìdábọ̀, wákàtí mẹ́ta ló máa fi gòkè mítà 1,000. Ọ̀nà tó rọrùn láti fi í sínú ètò nìyí: ẹ kọ́kọ́ ka ọ̀nà náà bí ẹni pé ó tẹ́jú, kí ẹ wá fi wákàtí kan kún un fún mítà 400 kọ̀ọ̀kan tí ẹ máa gùn. Kìlómítà 70 tó ní òkè mítà 1,000 á di wákàtí mẹ́fà àtààbọ̀. Ìyẹn ti kún ọjọ́ kan, ó tiẹ̀ ti ṣẹ́ kù. Ẹ má fọkàn sí i pé ìsọ̀kalẹ̀ á dá àkókò náà padà. Lórí ọ̀nà tó kún fún kòtò, bíréèkì lẹ máa dì mú títí dé ìsàlẹ̀.

Àròpọ̀ mítà nìkan kò tó o. Lórí òkè tó ń ga ní mítà 5 nínú mítà 100, wáàtì 100 yẹn á gbé yín ní nǹkan bíi kìlómítà 6.7 ní wákàtí kan. Bó bá jẹ́ mítà 10 nínú 100, ó di 3.3, kẹ̀kẹ́ tó di ẹrù kì í sì í fẹ́ dúró ṣinṣin mọ́ bí ìrìn rẹ̀ bá ti falẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ibi tó ga gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ jù ni kí ẹ wò, ẹ fi ti ìpíndọ́gba sílẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àwòrán òkè tí áàpù ń yà. Púpọ̀ nínú iye gíga ilẹ̀ wọn wá láti inú ìwọ̀n tí ọkọ̀ gbalasa òfurufú ti NASA, àjọ ìwádìí òfurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe láti ojú sánmà ní February 2000, tí àmì kan sí èkejì jìnnà tó nǹkan bíi mítà 30. Ilẹ̀ ló wọ̀n, kò mọ̀ nípa títì. Bí títì bá gba inú ihò abẹ́ òkè, áàpù lè ní orí òkè gan-an lẹ máa gbà. Bó bá gba orí afárá, á ní ẹ máa já wọ inú àfonífojì. Bí ẹ bá rí eyín ṣóńṣó kan lójijì nínú àwòrán náà, ẹ fa máàpù sún mọ́ra kí ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀.

Ojú ọ̀nà ló kàn. Komoot, BRouter àti ọ̀pọ̀ áàpù kẹ̀kẹ́ mìíràn ń mu láti inú OpenStreetMap, máàpù ayé tí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ń yà láti 2004. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò bá kọ irú ilẹ̀ tó wà níbẹ̀ sí, áàpù á kàn méfò. Bí ọ̀nà kékeré kò bá ní àlàyé, ẹ kà á sí ọ̀nà tí kò lọ́dà títí ẹ ó fi rí ẹ̀rí. Àwòrán sátẹ́láìtì ni ẹ̀rí tó dára jù. Bí ẹ bá rí ipa ọ̀nà mẹ́ta mẹ́rin tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ mọ̀ pé àwọn ọkọ̀ ń sá fún nǹkan láàárín: ẹrẹ̀, iyanrìn tàbí ojú ọ̀nà tó ti di ìgbì wẹ́wẹ́. Bí ọ̀nà bá gba inú odò kọjá tí ẹ kò rí afárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ya àwòrán náà. Ẹ sì ṣàyẹ̀wò gbogbo ibi tí ìlà bá ti yà kúrò lórí títì, tó sì padà sórí títì kan náà. Nítorí mítà 400 péré, áàpù á ti yín sínú ẹrẹ̀ láìtijú.

Títì ọkọ̀ àsárésá àti àwọn ihò abẹ́ òkè kan kì í gba kẹ̀kẹ́. Ẹ mọ èyí kí ẹ tó fa ìlà.

Afẹ́fẹ́ lè yí gbogbo ètò dà. Bí ẹ bá ń lọ ní kìlómítà 15 ní wákàtí kan, tí afẹ́fẹ́ 20 ń bọ̀ lójú yín, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń dá yín padà ju ìlọ́po márùn-ún ti ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ dákẹ́. Ẹ wo ibi tó sábà ń fẹ́ wá lóṣù tí ẹ fẹ́ lọ, kó sì jẹ́ òun ló máa pinnu ìkangun tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀.

Omi náà, wákàtí la fi ń wọ̀n ọ́n. Nínú ooru, èèyàn lè mu lítà kan ní wákàtí kan. Àlàfo kìlómítà 80 lórí iyanrìn, ní 8 ní wákàtí kan, jẹ́ wákàtí mẹ́wàá: lítà 10, ìyẹn kìlógíráàmù 10, ẹ ò tíì ka ti sísè. Àlàfo omi tó gùn jù ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣètò, kí ẹ tó to àwọn ọjọ́ yòókù yí i ká.

Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ kúrú, wákàtí mẹ́rin péré. Ẹ fi ọjọ́ kan sílẹ̀ lófìfo nínú méje, kí ẹ sì sàmì sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin tó máa gba kẹ̀kẹ́ bí nǹkan bá bàjẹ́.

Tó bá ku kí ẹ gbé fáìlì GPX jáde, ìyẹn fáìlì tí ẹ̀rọ atọ́nà fi ń mọ ọ̀nà yín, irú èyí tó ní ipa ọ̀nà pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ ni kí ẹ mú. Irú kejì, tó kàn ní ibi ìyànà díẹ̀, ẹ̀rọ lè tún un ṣírò fúnra rẹ̀ kó sì gba ibòmíràn. Ọjọ́ kan, fáìlì kan, torí pé ẹ̀rọ mìíràn máa ń gé fáìlì tí àmì rẹ̀ bá pọ̀ jù, ìdajì ìkẹyìn á pòórá láìsọ fún yín. Ẹ fi 01, 02, 03 bẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn, kí ẹ pa íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan títí dé òpin rẹ̀ lórí ẹ̀rọ tí ẹ máa gbé lọ gan-an.