Ẹ̀rọ tó ń wọn eré ọ̀pá gọ́ọ̀fù: ibi tí mo bá iṣẹ́ dé

Sátidé àkọ́kọ́. Mo ti so ẹ̀rọ náà pọ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ: ṣíìpù MPU-6050 tó ń mọ bí nǹkan ṣe ń yí, ESP32, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń fi Bluetooth bá fóònù mi sọ̀rọ̀, àti bátìrì. Gbogbo rẹ̀ ò ju 20 gíráàmù lọ. Kílíìpù oníke ni mo fi há a mọ́ ara dráífà, ọ̀pá gọ́ọ̀fù gígùn tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù lọ jìnnà, bíi 30 sẹ̀ǹtímítà sísàlẹ̀ ọwọ́.

Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo fì í, ó já. Ó fò lọ lu fẹ́ǹsì wa ní Àṣẹ́rò, l'Abẹ́òkúta, àyà mi sì já pẹ̀lú rẹ̀. Mi ò ṣírò agbára tó ń fà á síta: pẹ̀lú eré tèmi, ohun tó wúwo tó 20 gíráàmù níbẹ̀ á máa fà bí ẹni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì kílò. Mo gbé e sún mọ́ ọwọ́. Fọkanáísà kan ní Láfẹ́nwá gé awẹ́ tíùbù kẹ̀kẹ́ fún mi, kò gba kọ́bọ̀. Òun ni mo wé mọ́ ọ̀pá kí n tó há kílíìpù lé e. Láti ọjọ́ náà, kò yẹ̀ mọ́.

Sátidé kejì. Mo fì pẹ̀lẹ́, 32767. Mo fì kíkankíkan, 32767. Iye tó ga jù tí ṣíìpù náà lè kọ nìyẹn. Ó ti kún dẹ́nu. Ẹ̀bi mi ni: bí èèyàn ò bá yí ètò rẹ̀ padà, digírì 250 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni òpin rẹ̀. Mo gbé e dé 2,000, tèmi wá di digírì 1,620. Inú mi dùn débi pé mo pe ìyàwó mi kúrò nídìí láfún kó wá wò ó.

Ọjọ́ kejì rẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó máa ń gbé báàgì fáwọn ọ̀gá ní pápá gọ́ọ̀fù yà sọ́dọ̀ mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n gbà á wò." Ó fì í lẹ́ẹ̀mẹ́ta, 32767 lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. "Àbí ẹ̀rọ yín ò mọ tèmi ni?" Ó dùn mí. Eré ọmọ yẹn ti kọjá 2,000, bẹ́ẹ̀ òpin ṣíìpù náà nìyẹn.

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi rò ó. Gbígbé e lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ ò lè ràn wá lọ́wọ́, torí gbogbo ara ọ̀pá ló ń yí ní eré kan náà. Àmọ́ ojú méjì tó dábùú ara wọn, X àti Y, ni ṣíìpù náà kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá, X nìkan ni mo sì ń di ẹrù lé. Mo tú kílíìpù, mo yí i ní digírì 45 lára ọ̀pá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ! X gba bíi ìdá 71 nínú 100, Y náà gba tirẹ̀. Ká fi ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́po ara rẹ̀, ká ro wọ́n pọ̀, ká wá gbòǹgbò rẹ̀, eré gan-an á jáde. Òpin ti kúrò ní 2,000, ó ti dé bíi 2,800. Ọmọ náà padà wá: 2,180. Ó ya fọ́tò rẹ̀ lọ.

Sátidé tó kọjá. Mo fi ẹfun fa ìlà sára pátákó, sẹ̀ǹtímítà 10 síra wọn, mo lẹ téèpù funfun mọ́ orí ọ̀pá, mo wá fi fóònù ya fífì mi ní àwòrán 240 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Láàárín àwòrán méjì, téèpù rìn ní sẹ̀ǹtímítà 15. Mítà 36 ní ìṣẹ́jú-àáyá nìyẹn, bíi kìlómítà 130 ní wákàtí. Ẹ̀rọ mi ní 106.

Ọwọ́ ló gbé ìyókù. Mo ti ń fi yíyí ọ̀pá lọ́po mítà 1.04, láti ọwọ́ dé orí ọ̀pá, bí ẹni pé ọwọ́ dúró sójú kan. Bẹ́ẹ̀ ọwọ́ náà ń sáré lọ bá bọ́ọ̀lù. Ṣíìpù náà ní apá tó ń mọ bí eré ṣe ń pọ̀ sí i. Òun ni mo ń kọ ìṣirò rẹ̀ lọ́wọ́ báyìí, kí n lè ro eré ọwọ́ mọ́ ọn. Ọmọ náà ti ní òun ń mú dráífà tòun bọ̀ ní Sátidé.