Awò ìbọn .22: ààyè òkè ti wà báyìí

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń béèrè ibi tí iṣẹ́ awò ìbọn .22 mi dé, ẹ kú ojú lọ́nà o. Awò ti jókòó, ó sì jókòó dáadáa! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti pápá ìyìnbọn dé ni, ẹ jẹ́ kí n tètè kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn nọ́ńbà tó fò lọ lórí mi.

Ẹ rántí ohun tó ń dà wá láàmú. Ọta .22 yìí kì í sáré tó ohùn, ó sì tètè máa ń wálẹ̀. Tí mo bá ti ṣe zero (ìyẹn ni pé mo tún awò ṣe kí ọta lè bá ibi tí mo ń wò gan-an) ní mítà 50, ó ku nǹkan bí 30 MOA (ìwọ̀n igun ni, 60 rẹ̀ ló ṣe díígírì kan) kí n tó lè bá pátákó ní mítà 200. Awò mi ní ààyè yíyí 60 MOA láti ìsàlẹ̀ pátápátá dé òkè pátápátá. Ẹnìkan á ní ìdajì 60 náà kọ́ ni 30? Òun ni, ṣùgbọ́n zero mítà 50 fúnra rẹ̀ ti jẹ nǹkan bí 9 nínú ti òkè, torí awò ga ju ojú ihò ìbọn lọ, ọta sì ti ń wálẹ̀ kó tó dé ibẹ̀. 21 péré ló kù. Ìdí tí turret, ìyẹn ohun tí a ń yí lórí awò láti gbé e sókè tàbí sísàlẹ̀, fi kọ̀ tí kò yí mọ́ nìyẹn.

Base (irin orí ìbọn tí òrùka awò ń jókòó lé): mo tú u, mo nù ún, mo dè é padà. Kò ní wàhálà kankan.

Òrùka méjì tó di awò mú ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí mo ní lọ́kàn tẹ́lẹ̀ ni pé kí n fi páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tẹ́ abẹ́ ẹ̀yìn base, kí ẹ̀yìn awò lè gbé sókè. Ìṣirò rẹ̀ kò le: tí òrùka méjèèjì bá fi 100 mm jìnnà síra, ìwọ̀n 0.58 mm lábẹ́ ẹ̀yìn yóò fún wa ní 20 MOA. Ṣùgbọ́n irin gígùn kan ṣoṣo ni base yìí. Bí a bá gbé ẹ̀yìn rẹ̀ tí a sì de iwájú mọ́lẹ̀, yóò tẹ̀ bí ọrun, òrùka méjèèjì kò sì ní kọjú sí ibì kan náà mọ́. Mo gbé awò lé e láì tíì dé òrùka lórí, mo tanná sí i láti ẹ̀gbẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tín-ń-rín kan ń yọ lábẹ́ ara awò níwájú, ní apá òsì nìkan. Tí a bá fi nọ́ọ̀tì fún irú èyí pa, ara awò ló máa gbà á. Mo yọ páànù náà kúrò lójú ẹsẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti yà sí òrùka Burris Signature. Ike kan wà nínú òrùka náà tó ń yí bí bọ́ọ̀lù, kò sì lè fún awò lọ́rùn. Wọ́n ń ṣe ike náà ní oríṣi tó ga tàbí tó lọ sílẹ̀ pẹ̀lú 5, 10 tàbí 20 nínú ẹgbẹ̀rún ínǹṣì kan. Ẹ ṣọ́ra tí ẹ bá ń rà á o: ẹni tí mo rà á lọ́wọ́ rẹ̀ fi òrùka ránṣẹ́ pẹ̀lú ike tí kò ga tí kò sì lọ sílẹ̀, mo tún ní láti ra ìyókù lọ́tọ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

Ike 20 níwájú, ike 20 lẹ́yìn ni mo fẹ́ lò. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀, 35 MOA ló máa jẹ́, zero mítà 50 yóò sì lọ jókòó sí 26 nísàlẹ̀ àárín, nígbà tó jẹ́ pé 30 ni òpin. Èyí kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Ọ̀pá róbótó kékeré ló ń rìn nínú ọ̀pá róbótó ńlá nínú awò. Bó bá ti sún mọ́ òpin òkè tàbí ìsàlẹ̀, ààyè ọ̀tún àti òsì á dín kù. Mo bá lo 10 àti 10. Lẹ́yìn, ike tó ga wà nísàlẹ̀, èyí tó lọ sílẹ̀ wà lókè. Níwájú, mo yí i padà. Àròpọ̀ rẹ̀ tó 0.5 mm, ìyẹn nǹkan bí 17 MOA. Ààyè òkè ti di 38.

Ẹ̀yìn ló ń ga o, kì í ṣe iwájú! Awò ní láti wo ilẹ̀ díẹ̀, kí ẹnu ìbọn lè gbé sókè nígbà tí ojú wa bá bá àmì.

Mo de àwọn nọ́ọ̀tì díẹ̀díẹ̀, láti igun kan sí igun kejì, mo sì fi sípánà tó ń díwọ̀n agbára parí rẹ̀.

Ní pápá, mo gbé bébà gígùn kọ́ sí mítà 50, mo fi okùn tí mo so òjé mọ́ fa ìlà tó dúró ṣánṣán sí i. Mo yìn ín sí ìsàlẹ̀, mo yí turret sókè ní 30 MOA, mo tún wo àmì ìsàlẹ̀ yẹn náà yìn ín. Ó yẹ kí ọta gòkè ní 43.6 cm. Rúlà fi 43 cm àti díẹ̀ hàn, ihò gbogbo sì wà lórí ìlà, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Turret náà ṣì ń yí lọ sókè!

Base 20 MOA (irú èyí tí wọ́n ti ṣe ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju iwájú lọ) tí mo fẹ́ rà tẹ́lẹ̀, mo ti fagi lé e. Bí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀, mítà 150 ni màá kọ́kọ́ yìn kí n tó bọ́ sí 200, torí mo fẹ́ kọ nọ́ńbà turret ti ibi méjèèjì sílẹ̀.