Wáyà Tó Wà Lábẹ́ Ọ̀dà: Owó Títì àti Owó Iná Ìkòríta

Bí iná ìkòríta bá ń tan àwọ̀ ewé fún ọ̀nà tó ṣófo, tí ọkọ̀ sì tò bẹẹrẹ sí ọ̀nà kejì, ẹ wo ojú títì kí ẹ tó bú iná. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà tuntun síbẹ̀ ni. Ní ọ̀pọ̀ ìkòríta, wáyà kan wà lábẹ́ ọ̀dà níbi tí ọkọ̀ ti ń dúró. Ayùn ni wọ́n fi ń la ojú títì, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8 sísàlẹ̀, ní onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó mítà 1.8. Wọ́n á ká wáyà yí i ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, wọ́n á sì fi oje lílẹ̀ dí i pa. Wáyà yìí ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ inú àpótí ẹ̀bá ọ̀nà mọ̀ pé ọkọ̀ ti dé.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ títì bá fi ẹ̀rọ ha sẹ̀ǹtímítà 5 kúrò kí wọ́n tó da tuntun, wáyà náà sábà máa ń bá a lọ. Ẹ̀rọ tí kò gbúròó wáyà rẹ̀ mọ́ a máa ṣe bí ẹni pé ọkọ̀ wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, a sì máa fún ọ̀nà náà ní àkókò lọ́fẹ̀ẹ́, ìbáà jẹ́ ní agogo méjì òru.

Kì í ṣe àìmọ̀ ló ń fà á. Ètò ìsúná ló fà á. Ẹ̀ka kan ló ni títì, ẹ̀ka mìíràn ló ni iná. Agbaṣẹ́ṣe títì á ní wáyà kò sí nínú ìwé iṣẹ́ òun, ẹ̀ka iná á ní àwọn kò ya owó rẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́dún yìí. Ohun tí mo rò pé ó yẹ ni pé kí iṣẹ́ ọ̀dà tó bá ti kan ìkòríta oníná ní ìlà tirẹ̀ fún wáyà nínú ìwé iye owó: iye onígun tó wà níbẹ̀, gígùn wáyà, àti iṣẹ́ dídán an wò. Àwọn ìlú kan ti lọ gbé kámẹ́rà tàbí rédà sórí òpó dípò wáyà. Ó dára, ọ̀dà kò lè ṣe é ní nǹkan, ṣùgbọ́n eruku àti oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń fọ́ kámẹ́rà lójú. Owó tí wọ́n á fi máa nu kámẹ́rà náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀dà fúnra rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni owó púpọ̀ ń gbà lọ. Títì kìlómítà kan tó fẹ̀ ní mítà 7, tí a fẹ́ fi sẹ̀ǹtímítà 5 bò, ń fẹ́ 1,000 × 7 × 0.05, èyí tó jẹ́ kúbíìkì mítà 350. Ọ̀dà tí rólà ti tẹ̀ dáadáa máa ń wọn nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 2.4 fún kúbíìkì mítà kan. Iṣẹ́ náà jẹ́ tọ́ọ̀nù 840, ìyẹn ọkọ̀ akẹ́rù 42 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé tọ́ọ̀nù 20. Kí ẹni tó ń ṣọ́ iṣẹ́ fi èyí sórí: lórí ìlà ọkọ̀ kan tó fẹ̀ ní mítà 3.5, ẹrù ọkọ̀ kan gbọ́dọ̀ tán ní nǹkan bíi mítà 48. Bí ó bá gbé wọn dé mítà 60, sẹ̀ǹtímítà 4 ni wọ́n tẹ́, kì í ṣe 5. Téèpù ìwọnlẹ̀ àti ìwé ìwọ̀n ọkọ̀ ti tó láti mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ kò nílò ẹ̀rọ kankan.

Nínípọn nìkan kọ́ o. Ọ̀dà máa ń dé ní nǹkan bíi dígírì Sẹ́lísíọ́ọ̀sì 140 sí 160. Bí ó bá fi máa tutù kọjá 80, rólà kò lè tẹ̀ ẹ́ wọlé mọ́, afẹ́fẹ́ á kù sínú rẹ̀, omi á sì gba ibẹ̀ wọlé. Afẹ́fẹ́ tó kù kò yẹ kó ju ìdá 7 tàbí 8 nínú 100 lọ. Ọkọ̀ tó jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ fún wákàtí méjì kí ó tó dé ojú iṣẹ́ ti ba ojú títì yẹn jẹ́ kí wọ́n tó tẹ́ ẹ. Èyí tó tún máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á fo ọ̀dà olómi tó yẹ kí wọ́n fọ́n sórí títì àtijọ́ kí tuntun lè lẹ̀ mọ́ ọn. Bí wọ́n bá fò ó, ọ̀dà tuntun á máa sún síwájú níbi tí ọkọ̀ ti ń tẹ búréèkì, ìyẹn gan-an ní ìkòríta.

Títì wo ló yẹ kó kọ́kọ́ gba owó? Ibí ni àríyànjiyàn máa ń gbóná sí. Òṣùwọ̀n tí àwọn ẹnjiníà ń lò bẹ̀rẹ̀ láti 0, títì tó ti kú pátápátá, dé 100, títì tuntun. Àwọn ará ìlú máa ń fẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti èyí tó bàjẹ́ jù, ó sì yé mi, àwọn ló ń wọ inú kòtò. Ṣùgbọ́n títì tó wà ní 75, ìsán ojú rẹ̀ la máa dí, gọ́tà rẹ̀ la máa kó, kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Èyí tó wà ní 25, ìpìlẹ̀ rẹ̀ la máa hú. Owó tó tún kìlómítà kan ṣe láti ìpìlẹ̀ lè dáàbò bo ọ̀pọ̀ kìlómítà tó ṣì dára. Ìlú tó ń ná gbogbo owó rẹ̀ lórí èyí tó ti kú á máa rí òkú títì tuntun lọ́dọọdún. Kí wọ́n pín owó náà sí méjì, kí ìpín ìtọ́jú jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yá lò.

Ẹ tún wo ọkọ̀ tó ń gba ibẹ̀. Ìdánwò tí wọ́n ṣe ní Illinois, ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1958 sí 1960 fi hàn pé bí ẹrù orí ásù, ìyẹn irin tó so táyà ọ̀tún àti tòsì pọ̀, bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ tó ń ṣe fún títì á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po 16. Ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì àti tírélà ń gbà kò lè jẹ́ ọ̀dà kan náà pẹ̀lú àdúgbò tí kò rí ju ọkọ̀ kékeré lọ.

Owó iná kò parí síbi òpó. Gílóòbù àtijọ́ ń jẹ tó wáàtì 135. LED kì í sábà ju 20 lọ, ṣùgbọ́n LED kì í sábà kú lójijì, ṣe ló ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀. Ọdún tí ó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ni kí wọ́n kọ sínú ìwé, kí wọ́n má dúró de ìgbà tí yóò kú. Bátìrì fún ìgbà tí iná bá lọ náà wà níbẹ̀. Àkókò iná pẹ̀lú ń fẹ́ owó, nítorí ó yẹ kí a ka ọkọ̀ tuntun, kí a tún àkókò ṣe, ní ọdún mẹ́ta sí márùn-ún síra. Ẹlẹ́sẹ̀ tó ń rìn mítà 1.07 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nílò ìṣẹ́jú-àáyá 13 kí ó tó kọjá títì mítà 14. Àgbàlagbà nílò tó 16. Bí wọ́n bá fi ìlà ọkọ̀ kan kún títì náà láìfi kún àkókò, ìyá àgbà á wà láàárín títì nígbà tí ọkọ̀ á ti gbéra.

Ní ti ẹ̀yáwó, ọ̀dà sẹ̀ǹtímítà 5 sábà máa ń lo ọdún 10 sí 15. Kí ìlú má yá owó ọdún 20 fún un. Ẹ̀yáwó ọlọ́jọ́ pípẹ́ yẹ fún ìpìlẹ̀, gọ́tà ńlá àti òpó iná.

Kí wọ́n sì tó san owó tó kù fún agbaṣẹ́ṣe, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ iná ṣí àpótí, kí ọkọ̀ kan gba orí wáyà ọ̀nà kọ̀ọ̀kan kọjá nígbà tí ọ̀nà dá, kí ó wò bóyá ẹ̀rọ rí i. Ìkòríta ọlọ́nà mẹ́rin kò gbà ju wákàtí kan lọ.